Ta ló ń fi "a dúpẹ́" buwọ́ lùwé ẹ̀rí ọkọ̀?

Inú ń bí mi gan-an!

Orí pákó làwa òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òkun yìí ń sùn. Lónìí tí ìjọba fẹ́ yẹ ibùsùn wa wò kí wọ́n tó fún ọkọ̀ níwèé ẹ̀rí, ọ̀gá wa sáré lọ yá fóòmù tuntun ní Ṣàngótẹ̀dó, ó tẹ́ ẹ sórí pákó wa.

Aláyẹ̀wò dé, Yorùbá bíi tiwa. Ọ̀gá wa dúró tì wọ́n. Wọ́n bi Bàbá Ṣadé, àgbà inú wa:

"Bàbá, ṣé ẹ ń sùn dáadáa?"

"A dúpẹ́, sà."

Wọ́n bá buwọ́ lùwé!

Bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀ báyìí, ọ̀gá kó fóòmù lọ.

Bí ilé Yorùbá bá ń jó, níwájú ọ̀gá rẹ̀, ṣebí "a dúpẹ́" náà ló máa sọ?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló jẹ̀bi? Ẹ fèsì, ẹ má kàn ní ẹ dúpẹ́ o!