Òróró Màmá Nínú Ìgò Ìtọ̀

Kò sí ohun tí màmá mi, Cecilia, kì í ta òróró àdúrà sí. Ilẹ̀kùn ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá ń yọ̀ bọ̀rọ́. Lọ́jọ́ ìdánwò mi, ó fi pa bírò mi lẹ́nu, bírò ò sì kọ mọ́. Mo sunkún, ó ní kí n yé ṣe bí aláìgbàgbọ́ jàre.

Ní 1997, òróró yìí fẹ́ kó bá wa. Wọ́n ti gé jẹjẹrẹ kúrò nínú àpò ìtọ̀ bàbá mi, tísà tó ti fẹ̀yìn tì. Àìsàn yẹn a máa padà wá, nítorí náà, wọ́n máa ń ti páìpù gba ojú ara rẹ̀ láti wo inú. Bàbá kórìíra páìpù yẹn débi pé ó lóun ò lọ mọ́. Dókítà wá ní àyẹ̀wò tuntun ti dé: jẹjẹrẹ náà máa ń da purotíìnì kan sínú ìtọ̀. Bí wọ́n bá rí i níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti padà nìyẹn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fún òun ní ìgò.

Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, Màmá gbé ìgò ìtọ̀ wọ yàrá lọ gbàdúrà. Mi ò fura. Ní láàbù, Sìdíkátù tó ń ṣe àyẹ̀wò gbé e sókè, ó wò ó títí, ó wá bi Bàbá pé kí ló jẹ tí òróró fi léfòó lójú ìtọ̀ rẹ̀. Àyà Bàbá já, ó rò pé àìsàn mìíràn ló tún dé. Mo wo Màmá. Màmá ń wo àjà.

“Èmi ni,” Màmá ní. “Mo fẹ́ kí Ọlọ́run kọ́kọ́ dé inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wò ó.”

Inú bí mi. Bàbá ló rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mu omi, ó tọ òmíràn, èmi ni mo ṣọ́ ìgò.

Purotíìnì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bàbá gbà fún páìpù láìjanpata. Wọ́n rí jẹjẹrẹ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí, wọ́n sì gé e kúrò kó tó rídìí jókòó.

Nígbà tí a tún padà lọ, Màmá fa ìgò tó mọ́ lóló lé Sìdíkátù lọ́wọ́. Inú mi dùn pé ó ti kọ́gbọ́n. Àfi bó ṣe yọ òróró nínú báàgì, tó ní ojú Sìdíkátù lòun fẹ́ fi pa, kó lè máa ríran dáadáa. Ojú tì mí gan-an. Sìdíkátù ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni.

Ó sún ìborùn rẹ̀ sẹ́yìn, ó tẹ orí ba.

“Ẹ má fi ṣahun, mà,” ó ní. “Èmi náà fẹ́ kí Bàbá pẹ́.”