Òrùka Tí Ń Ka Nọ́ńbà

Ó pé ọdún méje báyìí tí wọ́n gba páàsì iṣẹ́ lọ́wọ́ Mọ́rúfù ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Manchester, tẹ́ ẹ ń bi mí ìdí tí n kì í fi í dá Akínlàbí lóhùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Whalley Range, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́.

Èmi ni aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún àwa tí à ń tún inú bàálù ṣe nígbà yẹn. Akínlàbí ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Mọ́rúfù, ọmọ Ìlọrin, ló mọ iṣẹ́ jù nínú wa. Bó bá ti rí i pé orúnkún ń dùn mí, á gba ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Màmá, ẹ lọ jókòó níwájú níbi àwọn olówó. N ó jí yín tá a bá dé Dubai."

Ó ní tẹ̀sùbáà ìgbàlódé kan, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń wọ̀ sọ́wọ́ bí òrùka. Bó bá dárúkọ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan, á tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà á sì lọ sókè. Bó ṣe ń nu tábìlì ló ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, alábòójútó láti ilé iṣẹ́ tó ni bàálù rí iná kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí nọ́ńbà tó ń yí, ó rí ètè tó ń mì. Kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó lọ kọ̀wé pé ó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ yìí jẹ́ ewu fún ààbò.

Àwọn máníjà wa ní kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ ní bó ṣe máa ṣe.

"Má wo àwọn máníjà yẹn lójú o. Wolẹ̀, kó o dáhùn jẹ́jẹ́, kí wọ́n mọ̀ pé wọ́n kọ́ ẹ nílé."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Ó wolẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kò lè wo àwọn lójú, pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Wọ́n gba páàsì. Láìsí páàsì, kò síṣẹ́.

Lọ́yà tí ẹgbẹ́ gbà sọ fún wa pé òfin dáàbò bo ilé iṣẹ́ tó bá fi òṣìṣẹ́ sùn nítorí ààbò, àfi tá a bá lè fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni.

"Mọ́rúfù ńkọ́?" ni mo bi í. "Kí ló dáàbò bo òun?"

Ó pa fáìlì rẹ̀ dé.

A dìbò, a sì gbà láti yanṣẹ́ lódì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì tó mọ́, a ti ra irú òrùka yẹn, Kristẹni, Mùsùlùmí àti òyìnbó, gbogbo wa wọ̀ ọ́ dúró nínú òjò lẹ́nu géètì. Àfi bí Akínlàbí ṣe dé, tó ní òun ti bá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀, ká padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Màmá, òfin wà lẹ́yìn wọn. Ṣé torí òrùka ẹnì kan la ó ṣe pàdánù iṣẹ́ gbogbo wa?"

"Ìwọ náà wọ òrùka ìgbéyàwó. Wọn ò tíì fi ẹ́ sùn."

Àwọn tá a jọ dúró rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Akínlàbí gba géètì wọlé, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀ lé e. Mo fi òrùka tèmi ka gbogbo wọn. Akínlàbí ni ení.

Bí ìyanṣẹ́lódì ṣe tú nìyẹn. Ohun tá a rí gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kò ju ìlà méjì lọ nínú ìwé àdéhùn: ẹni tí wọ́n bá fi sùn lẹ́tọ̀ọ́ láti ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, kí ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ sì jókòó tì í. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ béèrè fún un. Páàsì Mọ́rúfù kò padà. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú ní Stretford báyìí, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Títí dòní, kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí i pé àwọn ṣẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú ló máa ń wá kí mi. Á dọ̀bálẹ̀, á sì máa wolẹ̀ bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó wò mí lójú.

"Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má wo èèyàn lójú," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọdún méje ni mo ti ń ka ẹ̀ṣẹ̀ Akínlàbí, n kò ka tèmi mọ́ ọn rí.

"Má bínú, ọmọ mi."

Ó gbójú sókè, ó wò mí tààrà. Èmi ni mo wolẹ̀.