Ẹja Tútù Kì Í Ṣe "Cold Fish"

Orí ni Ìyá Ẹ̀bùn fi ru pátákó tí mo kọ fún un padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Òun ni oníbàárà àkọ́kọ́ tí mo ní lẹ́yìn tí mo gba fìríìdọ̀mù iṣẹ́ pátákó kíkọ ní Òkìtìpupa. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ẹja odò ló ń tà, èyí tí ọkọ rẹ̀ ń kó wá láti Ìgbókòdá láràárọ̀, tí ìrù rẹ̀ á ṣì máa lu abọ́.

"Átíìsì, kí lo kọ sórí ọjà mi?"

"Ẹja tútù tí ẹ ní kí n kọ náà ni, Ìyá."

"Irọ́ ni! Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e kọ́, àwọn olóúnjẹ tó ń rajà lọ́wọ́ mi ń kọjá lọ bí ẹni tí kò rí mi. Ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí mo ń yan ẹja ààyè tí n kò rí tà. Àárọ̀ yìí ni tíṣà kan dúró, ó ní, 'Ìyá Ẹ̀bùn, ìgbà wo lẹ di oníyìnyín?'"

Mo ka pátákó náà: COLD FISH IS SOLD HERE. Lẹ́tà rẹ̀ tò gún régé. Ṣebí "cold water" ni omi tútù? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Àṣé ẹja inú fìrísà ni ẹni tó bá kà á lẹ́bàá títì máa rò.

"Ẹ̀bi mi ni, Ìyá. Ẹ má bínú."

Mo ń retí èébú. Ohun tó sọ ni pé, "Ṣé o lè tún un ṣe? Ẹja kì í dúró de átíìsì o."

"Fresh" ni ọ̀rọ̀ tó yẹ, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́rin ni "cold", márùn-ún ni "fresh". Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sì máa ń sọ pé lẹ́tà tó bá fún mọ́ra dà bí ẹlẹ́rìí tó ń kólòlò, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Mo fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀ dànù, mo kùn ún ní funfun, mo fi rúlà fa ìlà tuntun. Nígbà tó gbẹ lọ́jọ́ kejì, èmi fúnra mi ni mo lọ gbé e kọ́.

Kò pẹ́ tí olóúnjẹ kan láti Àyèká fi dúró.

"Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ ti padà sídìí ẹja gidi?"

"Bi átíìsì," ó ní, ó ti ń fa ẹja jáde.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ra ìwé atúmọ̀ èdè àkọ́kọ́ mi. Ẹ wo "fresh": búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò ni, omi tí kò níyọ̀ ni, ara tó ń dán náà ni lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Tútù tiwa náà kò kẹ̀rẹ̀: aṣọ tí kò tíì gbẹ, ẹran tí a kò tíì sè, ènìyàn tí ìwà rẹ̀ rọ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì pàdé lórí ẹja, wọ́n pínyà lórí búrẹ́dì. Ta ló máa ra búrẹ́dì tútù? Láti ìgbà náà, kí n tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, mo máa ń bi oníbàárà pé, "Kí ni ọjà yín kì í ṣe?" Ká ní mo bi Ìyá Ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ni, ì bá sọ pé, "Kì í ṣe gbígbẹ."

Ẹlòmíràn ì bá bà mí lórúkọ jẹ́ káàkiri ọjà. Òun gbé àṣìṣe mi padà wá fún mi láti tún ṣe, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní.

Lọ́dún tó kọjá, ó mú Ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀ wá. Ẹ̀bùn ti ra fìrísà.

"Átíìsì, gbé 'cold' mi tí o ha dànù ìjọ́sí padà wá. Ó ti ríṣẹ́!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Ìyá, 'frozen' ni wọ́n ń pè é o."

"Lẹ́tà mélòó?"

"Mẹ́fà."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀bùn, lọ wá pátákó tó gùn."