Ìgbájú tí mo jẹ nítorí fáírọ́ọ̀sì

Ẹ gbà mí o! Wọ́n lù mí nínú yàrá tí mo ń gbé ní Sharjah lónìí, ètè mi ṣì wú.

Mo ń fi ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ní kíláàsì lọ́la dánra wò. Sister Bọ́lá, tá a jọ háyà bedspace, ibùsùn kọ̀ọ̀kan nínú yàrá kan náà, ló jókòó tì mí.

Mo gbé àwòṣe fáírọ́ọ̀sì oníke tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé dání.

Mo ní, "Èèpo mẹ́ta ló ní. Tó bá wọnú ìfun ọmọdé, èèpo ìta á bọ́. Ìgbà yẹn ni ihò ara èyí tó kù á fẹ̀, táá wá máa tú ẹ̀dà jíìnì rẹ̀ síta. Tí èèpo yẹn ò bá bọ́, kò lè bí sí i. Ẹ ò rí i pé ó gbọ́n!"

Mo tún rẹ́rìn-ín.

Sister Bọ́lá ní, "Àìsàn wo ló ń fà?"

"Ìgbẹ́ gbuuru ni, ma."

Wọ́n gbá mi lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ bọ́. Wọ́n já oníke náà gbà, wọ́n là á mọ́ ògiri títí ó fi fọ́ túútúú. Wọ́n wá fún mi lọ́rùn.

"Ó gbọ́n, àbí? Ọmọ mi ló pa l'Ágége! Kò tíì lè dá jókòó!"

Ọmọ Kenya tá a jọ ń gbé ló fà wọ́n kúrò lára mi. "Khalas! Khalas!" Ó ní ó ti tó.

Mi ò mọ̀ pé wọ́n bímọ rí.

Wọ́n ti ti ara wọn mọ́ bathroom báyìí, mò ń gbọ́ ẹkún wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kí ni kí n sọ?