Bí Oríkì Ìyá Mi Ṣe Di Orúkọ Eré Dáìsì

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Sókótó yìí fún yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Eré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àmọ́ kò sí ẹ̀rín nídìí rẹ̀.

Oyún àkọ́bí mi ti wúwo nígbà náà. Ọkọ mi ń ṣe wẹ́dà ní Sama Road, èmi ń táìpù ní ọ́fíìsì kan, a sì ń gbé Gidan Igwai. Tó bá ti di ọ̀sán Sunday, ilé Bọ̀dá Láńre ní Arkilla la máa ń wà. Tíṣà ni Bọ̀dá Láńre. Òkè-òkun ló ti kó eré kan wálé tí a ò rí irú rẹ̀ rí.

Kì í ṣe lúdò o! Gbogbo wa á jókòó yí tábìlì ká, oníkálukú á mú èèyàn tí yóò jẹ́: ọdẹ, jagunjagun, olè pàápàá. Èmi ni oníyọ̀ tó ń ná ọjà ọ̀nà jíjìn. Bọ̀dá á sọ ohun tó wà lójú ọ̀nà, ìwọ á sọ ohun tí o fẹ́ ṣe, o wá ju dáìsì, òun ni yóò sọ bóyá ó bọ́ sí i. Ọkọ mi lè jọba lọ́sàn-án, kó kú kí ilẹ̀ tó ṣú!

Òfin eré náà wà nínú ìwé tí èmi ń bá wọn táìpù. Ọdún ń gorí ọdún, Bọ̀dá á yí òfin padà, ẹ̀dà tuntun á jáde. Oríkì obìnrin ló sì máa ń fi sọ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Àkọ́kọ́ ń jẹ́ Àṣàbí, èkejì Àjíkẹ́, ẹ̀kẹta Àbẹ̀ní. Ó ní àwọn ọmọbìnrin òun ni wọ́n.

Ẹ wá gbọ́ o. Inú oyún yẹn ni mo wà tí ìyá mi kú l'Ọ́yọ̀ọ́. Wọn ò jẹ́ kí n lọ sìnkú, wọ́n ní ọ̀nà ti jìn jù fún aboyún. Ẹ ó ní, ṣebí tí mo bá bí obìnrin, Yétúndé náà ni? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ṣáájú mi bí, wọ́n ti mú Yétúndé lọ. Kí ló wá kù fún mi? Oríkì ìyá mi, Àwẹ̀ró. Mo fi pa mọ́ sínú. Nílé tiwa, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ọmọ tó ṣì wà nínú, ó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọkọ mi pàápàá, mi ò sọ fún un.

Fọlákẹ́ nìkan ló gbọ́. Onídìrí ni, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, òun náà ń bá wa ṣeré. Ó ń dirun fún mi, mo ń sunkún ìyá mi, ọ̀rọ̀ náà kàn bọ́ lẹ́nu mi ni. Ó nu omijé mi nù, ó ní òun ti gbé e mì. Fọlákẹ́ ti pẹ́ nílé ọkọ, kò sì tíì bímọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ̀dà kẹrin wá parí. Bọ̀dá ní ó yá, ká sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n gbé abọ́ omi sórí tábìlì, wọ́n bu iyọ̀, wọ́n bu ṣúgà, wọ́n ń fi ìsọmọlórúkọ ṣe yẹ̀yẹ́. Kọ́pà kan ní ká pè é ní Àdùnní.

"Hàbá!" ni Bọ̀dá wí. "Àdùnní ti kún Sókótó."

Ni Fọlákẹ́ bá ki ìka bọ omi. Ó wò mí lójú. Ó ní, "Àwẹ̀ró."

Ilé hó yèè! Bọ̀dá fò sókè, ó ní orúkọ tí òun ti ń wá kiri nìyẹn. Ọkọ mi náà ń pàtẹ́wọ́, kò kúkú mọ nǹkan kan.

Kí ni kí n wí? Tí mo bá ní ọmọ mi ló ni ín, mo ti dárúkọ ọmọ inú nìyẹn, nídìí dáìsì! Ọmọ ń ta nípàá nínú mi.

"Ìyá Oníyọ̀, o ò pàtẹ́wọ́ ni?" Fọlákẹ́ ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. "Àbí orúkọ náà ò dùn létí rẹ?"

Mo pàtẹ́wọ́. Ìka mi yìí náà ló sì táìpù Àwẹ̀ró síwájú ìwé, ní lẹ́tà gàdàgbà.

Mo bímọ, obìnrin ni. Mo wá tú gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó ní kí n má dààmú, eré lásán ni tiwọn, a ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Bàbá Àgbà, olórí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú ọkọ mi, ní Sókótó, ló ṣojú bàbá ọkọ mi. Ó gbé ọmọ dání, ó bi mí ní oríkì tí mo mú wá. Mo ní Àwẹ̀ró.

Àwọn eléré bú sẹ́rìn-ín! "Ẹ̀dà kẹrin! Ẹ̀dà kẹrin ti dé!" Ohùn Fọlákẹ́ ló ròkè jù: "Ẹ ju dáìsì fún un, ká mọ̀ bóyá yóò gbó!"

Bàbá Àgbà bèèrè ohun tí dáìsì ń wá níbi ìsọmọlórúkọ. Kọ́pà yẹn ṣàlàyé fún un, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

"Tẹ́tẹ́!" ni Bàbá wí. "Orúkọ ìwé tẹ́tẹ́ lẹ fẹ́ fi pe ọmọ wa?"

Mo kúnlẹ̀, omi ọmú ti rin bùláòsì mi gbingbin. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, oríkì ìyá mi ni."

Ó ní, "Ìyá rẹ ò sí ńlẹ̀ tí yóò fi bínú." Ó sọ ọmọ ní Fúnkẹ́, ó fún un ní oríkì Àkànkẹ́. Ó parí. Wọ́n pín oúnjẹ, Fọlákẹ́ jẹ tiẹ̀.

Nígbà tí mo lè jáde, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo bi í pé kí ni mo ṣe fún un. Kò dá ìyarun dúró lórí oníbàárà rẹ̀. "Ìwọ á tún bí, wàá tún sọ lórúkọ. Èmi ńkọ́? Nǹkan kan ṣoṣo tí mo sọ lórúkọ rí láyé mi nìyẹn."

Mo ní, "Lọ fún un lọ́mú nígbà náà."

A ò kí ara wa mọ́.

Bọ̀dá Láńre ti kó kúrò nílùú báyìí, ó sì fi àwọn ìwé eré rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra kósáì, àkàrà àwọn Hausa, fún Fúnkẹ́ ní Sama Road. Ìyá alákàrà fi ewé iwájú ọ̀kan nínú wọn pọ́n ọn. Ọmọ mi ti mọ̀wé kà. Ó tẹjú mọ́ bébà tí òróró ti rin, ó ń pè é díẹ̀díẹ̀. "Mọ́mì, ta ló ń jẹ́ Àwẹ̀ró?"

Mo ní kó jẹun.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, tí nǹkan bá ṣọ̀wọ́n lọ́kàn yín, ẹni tí yóò gbèjà yín lórí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, kì í ṣe ẹni tó kàn lè bá yín sunkún. Ṣé wọ́n ti gba irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ ẹ̀yin náà rí? Ẹ kọ ọ́ wá, ká jọ gbọ́. Tí ẹ bá sì mọ Àwẹ̀ró kan níbi tí ẹ wà, ẹ bá mi pè é, kí ẹnìkan ṣáà dáhùn.