Oṣù Mẹ́rin Tí N Kò Jókòó Síta Ṣọ́ọ̀ṣì

Nínú ìjọ Aládùúrà tí à ń lọ nígbà náà, ní ìlú kékeré kan nítòsí Òkìtìpupa, obìnrin tí ó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé ìsìn. Ìta ni yóò jókòó sí, lórí àga gbọọrọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Àwọn tí kò mọ̀ wá máa ń rò pé wọ́n ń fìyà jẹ wá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìjọ ni, a sì ń gbádùn ọ̀rọ̀ wa níbẹ̀. Àmọ́ kò sí obìnrin tí kò mọ oṣù ẹnìkejì rẹ̀.

Odindi ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìgbéyàwó ni mo fi ń lọ jókòó síbẹ̀ lóṣooṣù. Inú rírun mi kọjá ti àwọn yòókù. Nígbà mìíràn, ọwọ́ kan ni n ó fi di tábìlì mú kí n tó lè kọ̀wé sójú pátákó. Èmi àti ọkọ mi, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn. Wọ́n là mí nínú. Dókítà ya àwòrán fún wa sórí ìwé: irú awọ tí ó máa ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ilé ọmọ ti hù síta ilé ọmọ, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti rí ọ̀nà jáde. Ó fún mi ní oògùn oníhóró tí n ó lò fún oṣù mẹ́fà, kí nǹkan oṣù lè dáwọ́ dúró, kí ojú egbò náà sì gbẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni a ó tó máa retí oyún. Kò ṣèlérí kankan.

Omi àdúrà ni ìjọ wa gbà gbọ́, wọn kò fẹ́ oògùn. Nítorí náà, èmi àti ọkọ mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò kò ronú kan àga ìta yẹn. Oṣù kan kọjá, n kò jókòó síbẹ̀. Ó di méjì. Oògùn náà ń mú kí èébì máa gbé mi láàárọ̀, ọmú mi sì wú. Ní oṣù kẹta, bí a ti ń jáde ìsìn, obìnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Tíṣà, àga wa ń bèèrè yín o."

"Àga wo?"

"Ẹ máa fọwọ́ bò ó lọ. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ọwọ́ ò ní ká a mọ́!"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìṣirò wọn kò burú. Èmi ni mo fi ìdáhùn pamọ́. Ohun tí ó sì ń tì mí lójú jù títí di òní ni pé ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi.

Ní oṣù kẹrin, ìyá ọkọ mi gbọ́ pé mo lóyún, ó dé láti Àyèká, ó ru púpurú, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ẹja gbígbẹ wá. Kò jẹ́ kí n pọn omi mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ó ní òun ti sọ fún àwọn àgbà ìjọ pé òun yóò jẹ́rìí lọ́jọ́ kejì.

"Ìwọ tí o mọ̀wé, bá mi kọ ohun tí n ó sọ, kí n má baà ṣì í sọ. O ó kà á fún mi títí yóò fi mọ́ mi lórí."

Mo mú bírò. Ó bẹ̀rẹ̀: "Èmi ìyá ọkọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún ọmọ mi pé kó fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀ fún mi. Kí Ọlọ́run àti ìyàwó mi dárí jì mí."

N kò mọ èyí rí. Mo kọ ọ́ dé "ìyàwó mi," ọwọ́ mi kò sì lọ mọ́.

"Màmá, n kò lóyún. Oògùn ló dá nǹkan oṣù mi dúró."

Ó wò mí. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, mà."

"O sì ń wò mí tí mò ń gba korobá lọ́wọ́ rẹ."

Ó fọwọ́ tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀.

"Oògùn yẹn, ó kù?"

"Ó ku oṣù méjì, mà."

"Lò ó tán. Ohun tí mo ní kí o kọ, òótọ́ ni. Má pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní lọ bá àwọn àgbà ìjọ. Ìwọ lo fi í pamọ́, ìwọ ni yóò lọ sọ fún wọn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣáájú gbogbo ènìyàn dé ṣọ́ọ̀ṣì, àfi obìnrin akọrin yẹn tí ó ń gbálẹ̀. Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

"Kò sí oyún," mo wí. "Kò sí nígbà tí ẹ ń bá mi ṣàwàdà, mo sì mọ̀."

Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, kò sì ṣàwàdà.