Ìka Àlejò Lórí Oko Ìyàwó Ilé Wa

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún èmi náà, màá ní kó kọ́kọ́ mu omi tútù ná, kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀, ojú mi tí mo fi ń jẹun ló sì ṣe é.

Ojú ni mo fi ń jẹun lóòótọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sí yàrá kan l'Àkúrẹ́, kí n máa wo àwòrán ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì yà láti òkè: ibi tí igbó wà, ibi tí odò ti ń gbẹ, ibi tí wọ́n ti ń gé gẹdú ní bòókẹ́lẹ́. Àwọn ẹbí mi l'Óǹdó máa ń sọ pé nínú gbogbo àwa tó ń fi ilẹ̀ jẹun, èmi nìkan ni bàtà mi ń dán. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ìlara ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Nígbà tí àpérò àgbáyé àwa oníṣẹ́ yìí wá bọ́ sí Àkúrẹ́, inú mi dùn. Mo ti fi ọdún méjì ya máàpù kan tó fi gbogbo igbó apá ibi tí à ń gbé hàn, ẹ sì jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀: máàpù náà rẹwà. Ìkùukùu kì í jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi rí ilẹ̀ nígbà òjò, ṣùgbọ́n èmi ti rí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ojú sánmà mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwòrán ọjọ́ yẹn ni mo lò. Lọ́jọ́ kejì àpérò ni màá sọ̀rọ̀ lé e lórí, tí màá sì fà á lé àwọn aṣọ́gbó ìjọba lọ́wọ́. Ibi tí mo bá kùn ní àwọ̀ ewé, igbó ọba ni wọn yóò máa pè é. Ẹni tó bá sì gbé àdá wọ igbó ọba ti wá ẹjọ́ wá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí a ṣe jẹun ọ̀sán tán, ọ̀rẹ́ mi kan dìde. Ará Ìjàrè ni, a jọ ń ṣiṣẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn àlejò wa lọ wo ohun tí ọ̀gbẹ́ni yìí fi ń yangàn," ló wí. Ó tẹ́ máàpù mi sórí tábìlì, ó ní kí obìnrin onímọ̀ kan tó wá láti Kẹ́ńyà yan ibi tó bá wù ú.

Obìnrin náà di ojú, ó fi ìka kan máàpù. "Ibí."

Mo rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ibẹ̀ gan-an ni igbó ti dì jù. Ẹ wọ bàtà tó le o."

"Ìwọ ńkọ́?" ni ọ̀rẹ́ mi bi mí. "Ṣé èyí tó ń dán yìí ni wàá wọ̀?"

Bọ́ọ̀sì gbé wa, a kọjá Ọ̀wẹ̀nà, nígbà tó sì kù díẹ̀ ká wọ ìlú Oǹdó, ẹ̀rọ atọ́nà ní ká yà sí ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ kan tí n kò rìn rí. Níbi tí mọ́tò kò lè kọjá mọ́, a sọ̀ kalẹ̀. Mo ṣáájú, mò ń ka orúkọ igi fún wọn: àràbà rèé, ìrókò rèé. Igi ńlá ló wà lókè lóòótọ́, ọkàn mi sì balẹ̀.

Òórùn kan ló kọ́kọ́ dá mi dúró, òórùn kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò kó lè gbóná. Ọmọ Oǹdó kan kì í ṣi òórùn yẹn mọ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i, mo sì rí òkúta kan tó tẹ́ bí àga. Mo ti jókòó lórí òkúta yẹn jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun nígbà èwe mi. Ọ̀nà ẹ̀yìn tí a gbà wọlé ni kò jẹ́ kí n tètè mọ ibẹ̀, àti pé ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti yọjú gbẹ̀yìn. Obìnrin àgbà kan jókòó lórí òkúta náà, ó ń fọ́ kòkó.

Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, ẹ sì mọ àṣà wa: ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ ní orúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rákò. Àgbà ni mo jẹ́ fún un nínú ilé. Ó wá sọ mí ní Ojú-Alákàn, nítorí kò síbi tó lè fi ẹran pamọ́ sí tí n kò ní rí i. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun ló sì ni oko náà báyìí.

Mo ṣẹ́jú sí i pé kó má dá mi mọ̀. Ó gbé àdá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún mi. Èdè Oǹdó ló fi sọ̀rọ̀. Èmi ni mo yí i sí èyí tí gbogbo wa lè kà.

"Ẹ kú àbọ̀ o, Ojú-Alákàn. Kí ló dé tí ẹ ń ṣẹ́jú báyìí? Àbí kòkòrò kó sí i?"

Bí àwọn àlejò ṣe rí arúgbó tó kúnlẹ̀ fún mi, wọ́n rò pé ìjòyè ni mí. Méjì nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí ba. Ọ̀rẹ́ mi di igi mú, kó má bàa fi ẹ̀rín ṣubú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Mo ti dìde. Kí lẹ kó èrò yìí wá ṣe?"

"Igbó la wá wò, Màmá," ni ọ̀rẹ́ mi dáhùn. "Ojú-Alákàn ló ní igbó kìjikìji ló wà níbí."

Ìyàwó ilé wa wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá wò mí. "Igbó. Oko tí mò ń ro lọ́dọọdún. Ojú tó ń rí ẹran nísàlẹ̀ ìkòkò, òun ni kò rí kòkó."

Mo ṣàlàyé pé láti òkè, ewé àwọn igi ńlá tí wọ́n dá sí fún ìbòòji ló bo kòkó mọ́lẹ̀.

"Ta ló rán yín lọ sókè?" ló bi mí. "Ìwé tí ẹ ń kọ ọ́ sí ńkọ́, ta ni ẹ fẹ́ fún?"

Ẹlẹ́nu mi ará Ìjàrè sọ fún un. Ẹ̀rín kúrò lójú ìyàwó ilé wa.

"Ó túmọ̀ sí pé lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á mú ìwé yẹn dání wá, á ní kí n jáde nínú igbó ọba."

Òun fúnra rẹ̀ náà ló wá ọ̀nà àbáyọ. Ó bu kòkó tútù fún àlejò Kẹ́ńyà pé kó máa lá a, ó wá bi mí pé, "Ìgbà wo lẹ wo ibí?"

"Ìgbà òjò."

"Ìgbà òjò, gbogbo ilẹ̀ ló ń ṣe fáàrí. Ẹ wò ó lásìkò ọyẹ́. Àràbà á wọ́ ewé, ìrókò á wà níhòòhò, ẹ ó sì rí abẹ́ wọn. Abẹ́ igbó gidi á rí wúruwùru. Kòkó tèmi, àwọ̀ kan náà ni, látorí dé ìdí."

Àlejò Kẹ́ńyà ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Èmi ò kọ nǹkan kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í kọ ohun tó yẹ kó ti mọ̀ sílẹ̀ níṣojú èrò.

Kí a tó padà dé Ọ̀wẹ̀nà, Ojú-Alákàn ni gbogbo bọ́ọ̀sì ń pè mí. Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé àwòrán ìgbà ọyẹ́ wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Mo pa á tì nítorí eruku sọ ọ́ di aláìlẹ́wà. Kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀, mo ṣí i. Bí obìnrin náà ṣe wí gẹ́lẹ́ ló rí: oko rẹ̀ jókòó síbẹ̀, àwọ̀ kan náà, etí rẹ̀ gún régé. Kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Oko lẹ́yìn oko ni mo ti sọ di igbó. Mo wá ní máàpù méjì, ọ̀kan rẹwà, èkejì jálajàla, kò sì tíì parí. Mo lọ sùn láìmọ èwo ni màá gbé dìde. Ẹ má bú mi. Ọdún méjì kì í ṣe ọjọ́ méjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, awakọ̀ kan láti gáréèjì Oǹdó dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó ń béèrè Ojú-Alákàn. Ẹ̀ṣọ́ ń bá a jiyàn pé kò sí onímọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òun. Mo ní èmi ni. Ó na ọ̀rá kan sí mi. Odidi kòkó kan ló wà nínú rẹ̀, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀.

"Màmá ní kí ẹ gbé e sí ibi tí àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá á ti rí i," ló wí.

Mo wọlé, mo gbé kòkó náà ka iwájú tábìlì, mo sì ṣí máàpù jálajàla yẹn sára ògiri. Mo ní máàpù tí wọ́n rí lánàá rẹwà, ṣùgbọ́n ó ń purọ́. Èyí tí kò tíì parí yìí ló ń sọ òótọ́. Mo bẹ àwọn aṣọ́gbó pé kí wọ́n fún mi láyè di ìparí ọyẹ́ tó ń bọ̀, kí n lè fi ẹsẹ̀ ara mi rin gbogbo oko náà kí n tó fa nǹkan kan lé wọn lọ́wọ́.

Àgbà nínú wọn ní kò burú, àwọn gbà. Ó wá na ọrùn wo abẹ́ tábìlì.

"Bàtà yìí náà lẹ máa fi rìn ín?"

Mo wo ilẹ̀. Ẹrẹ̀ oko Oǹdó ṣì wà lára rẹ̀. N kò tíì nù ún.